Òdòdó nígbà ọyẹ́ l'Ábújá: Millennium Park àbí ọgbà ẹ̀bá títì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé níbo lèèyàn ti lè rí òdòdó aláwọ̀ mèremère nígbà ọyẹ́, ibi méjì ni mo mọ̀. Millennium Park ní Maitama, èyí tí Queen Elizabeth wá ṣí ní 2003, ó tóbi, odò gba àárín ẹ̀ kọjá, ẹ lè tẹ́ ẹní sábẹ́ igi kẹ́ ẹ gbé kúlà yín kalẹ̀, káwọn ọmọ máa sáré kiri títí á fi rẹ̀ wọ́n. Àmọ́ tó bá ti di Jánúárì, kóríko á ti gbẹ, eruku á sì ti bo ewé.

Èmi o, ọgbà àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, eruku ò ráyè jókòó. Bougainvillea á kàn máa jó bí iná, torí òun fẹ́ràn oòrùn àti ilẹ̀ gbígbẹ, àsìkò ẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ sún mọ́ ọn wò dáadáa: èyí tó pupa yẹn kì í ṣe òdòdó o, ewé ni, òdòdó gidi ni funfun tíńtín tó wà láàárín. Àlàájì tó ni ọgbà ló fi hàn mí, àṣé ewé ni mo ti ń pè ní òdòdó láti kékeré! Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò síbi ìjókòó, ẹ ò sì lè jáde lọ́wọ́ òfo. Mo ní mo kàn fẹ́ wòran, ìkòkò mẹ́ta ló bá mi délé.