Ọdún kan pẹ̀lú sukudiráfà JIS: ohun tó tú sukúrù alùpùpù mi

Sukúrù méjì péré ló wà lórí ìdérí agolo epo bíréèkì alùpùpù mi, Honda àtijọ́ kan. Ọjọ́ tí mo fẹ́ pààrọ̀ epo náà ni mo ba orí ọ̀kan jẹ́. Sukudiráfà Phillips, ẹlẹ́nu àgbélébùú tí gbogbo èèyàn ń lò, ni mo kì bọ̀ ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo yí i, ló bá yọ̀, ó sì bó etí ihò náà. Nígbà tí mo dán an wò lẹ́ẹ̀kejì, ihò ti rí roboto. Inú mi bàjẹ́ gan-an, mo rò pé agbára mi ni kò tó.

Ọ̀rọ̀ agbára kọ́ rárá. Àgbélébùú orí sukúrù alùpùpù tí wọ́n ṣe ní Japan jọ Phillips bí ìbejì, àmọ́ ìlànà JIS, ti orílẹ̀-èdè wọn, ni wọ́n fi gé e. Ẹnu Phillips nípọn níbi tí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ti pàdé, kì í kanlẹ̀ nínú ihò JIS. Etí òkè nìkan ló ń dì mú. Ẹ wo orí sukúrù yín dáadáa: bí àmì tóótó kékeré kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú náà, JIS ni. Òmíràn ò ní àmì yìí, síbẹ̀ JIS náà ni.

Vessel Impacta 980, sukudiráfà JIS tí wọ́n ń fi òòlù gbá, tí ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ jẹ́ P2, ni mo wá rà. Mo kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ họ ìdọ̀tí inú ihò sukúrù kejì, mo sì ti ẹnu rẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo yọwọ́, ó dúró gbagidi. Bí ẹ bá fi òòlù gbá ìdí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á yí díẹ̀ sí apá òsì bó ṣe ń wọlé sí i, tí kò fi ní ráyè yọ̀. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kan, kò mira. Mo tún un gbá, mo gbọ́ "kẹ́", ìdọ̀tí funfun bí ìyẹ̀fun sì bú jáde yí orí sukúrù náà ká. Ọwọ́ lásán ni mo fi yí i parí.

Èyí tí mo ti bà jẹ́ ńkọ́? Iṣẹ́ ọ̀sán gbáko ni. Mo fi dírílì lu orí rẹ̀ dànù, mo ṣí ìdérí, mo wá fi píláyà di ìyókù mú, mo yí i jáde. Ẹ fi aṣọ bo táǹkì kí ẹ tó dán irú èyí wò o, epo bíréèkì máa ń jẹ ọ̀dà.

Ẹ má ṣe fi òòlù kan kabúrétọ̀, irin tó fẹ́lẹ́ ni. Níbẹ̀, ẹnu JIS kúkúrú ni mò ń lò, lẹ́yìn tí epo ìtúpẹtà bá ti sùn mọ́ ọn lára. Ẹ sì rántí pé títú ni gbígbá yẹn wà fún. Bí ẹ bá fẹ́ dì í, ọwọ́ ni.

Ọ̀pá àárín táyà iwájú tún ní ìyọnu tirẹ̀. Ihò onígun mẹ́fà ńlá ló wà lẹ́nu rẹ̀, ó lè jẹ́ mìlímítà 17, 19, 22 tàbí 24, kò sì sí Allen key (irinṣẹ́ onígun mẹ́fà tí wọ́n ń kì bọ irú ihò yìí) inú àpò irinṣẹ́ lásán tó dé bẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, igun rẹ̀ di roboto lọ́jọ́ kìíní. Bóòtù tí orí rẹ̀ bá ihò náà mu ló gbà mí: mo dì nọ́ọ̀tì méjì mọ́ra wọn lórí rẹ̀, mo fi sípánà yí i. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ gidi ni mo fi ń ṣe é báyìí.

Ní ti Torx, sukúrù tí ihò orí rẹ̀ rí bí ìràwọ̀, bí ẹ bá rí ọ̀pá kékeré láàárín ìràwọ̀ náà, ẹnu tó ní ihò láàárín ni yóò wọ̀ ọ́. Ìwọ̀n T25 àti T27 jọra lójú. Ẹ kọ́kọ́ dán èyí tó tóbi wò, torí T25 á wọ ihò T27, á sì máa mì títí tí yóò fi bà á jẹ́.

Sukúrù tuntun méjì ni mo fi dí agolo bíréèkì yẹn padà, pẹ̀lú gírísì fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu wọn. Mo tún tú wọn lóṣù tó kọjá. Mi ò fọwọ́ kan òòlù.