Ọmọ ológbò oníwèé ìran àbí àdàpọ̀: èwo ni kí ẹ rà nílé ẹni tó ń tà á ní Ìlú Ọba?

Oríṣi mẹ́ta lẹ máa bá lọ́jà, kì í ṣe méjì. Àkọ́kọ́ ni oníwèé ìran, tí orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ GCCF, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ìran ológbò sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1910, tàbí lọ́dọ̀ TICA, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Èkejì ni àdàpọ̀, bíi kí akọ Ragdoll, ìran ológbò kan, gun ológbò ilé lásán. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń pè ní ojúlówó Ragdoll tàbí British Shorthair, àmọ́ tí kò ní ìwé kankan. Ẹ̀kẹta yìí ni mo fẹ́ kí ẹ sá fún.

Owó

Oníwèé lè gbà tó £1,000, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdàpọ̀ kì í sábà wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Owó oníwèé ni wọ́n máa ń bù lé aláìníwèé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnu lásán ni ẹ̀rí ìran rẹ̀. Iye àdàpọ̀ ni kí ẹ san lórí rẹ̀, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìwé ń bọ̀ lọ́nà, ẹ jẹ́ kó dé kí owó tó pé. Ẹ wo inú ìwé náà dáadáa: tó bá jẹ́ "non-active", wọn ò ní forúkọ àwọn ọmọ tó bá bí sílẹ̀.

Ìlera

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Àìsàn ọkàn tí wọ́n ń pè ní HCM máa ń wà nínú ìran Maine Coon àti Ragdoll. PKD, tó ń ba kíndìnrín jẹ́, wà nínú ìran Persian. Àyẹ̀wò jíìnì wà fún wọn, ẹni tó bá ń sin oníwèé bó ṣe yẹ á sì lè fi èsì àwọn òbí hàn yín. Ẹ gba èsì náà sọ́wọ́, kí ẹ kà á.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé àdàpọ̀ kì í ṣàìsàn. Lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ tó pò pọ̀ máa ń dín ewu àwọn àrùn kan kù, ṣùgbọ́n òbí kan ṣoṣo ti tó láti kó PKD ran ọmọ. Nítorí náà, bí Persian bá wà nínú àdàpọ̀ yẹn, ẹ bèèrè èsì àyẹ̀wò bákan náà.

Ní ti Scottish Fold, ẹ má rà á rárá, ì báà jẹ́ oníwèé tàbí àdàpọ̀. Jíìnì tó ká a létí wálẹ̀ yẹn náà ló ń ba oríkèé ara rẹ̀ jẹ́, ìrora ọjọ́ ayé sì ni. GCCF kì í forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ orí àti abẹ́rẹ́

Lábẹ́ òfin GCCF, ọmọ ológbò gbọ́dọ̀ pé ọ̀sẹ̀ 13, kó sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé, kó tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 8 ni ọ̀pọ̀ àdàpọ̀ ń kúrò nílé, tí wọn ò tíì gba abẹ́rẹ́ wọn tán. Kí ẹ tó sọ pé ó pọ́ọ́kú, ẹ fi owó abẹ́rẹ́, ti iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ, àti ti microchip, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ rẹ̀ láti fi dá a mọ̀, kún un. Láti 10 Okúdù 2024, òfin England ni pé kí ológbò ti ní microchip kó tó pé ọ̀sẹ̀ 20. Owó ìtanràn lè tó £500.

Ìyá ọmọ

Lórí èyí, mi ò fi ìyàtọ̀ kankan sáàárín oníwèé àti àdàpọ̀. Láti 6 Igbe 2020 ni òfin tí wọ́n ń pè ní Lucy's Law ti dí ọ̀nà mọ́ àwọn alágbàtà ní England: oníṣòwò tó bá fẹ́ ta ọmọ ológbò tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó sin ín fúnra rẹ̀, kó sì fi í hàn yín pẹ̀lú ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n bí i sí. Ẹ wo ọmú ìyá bóyá ó ń fún ọmọ lọ́mú lóòótọ́. Ẹ wò ó bóyá àwọn ọmọ ń sá tọ̀ ọ́. Ẹ wo ojú, imú, etí àti abẹ́ ìrù wọn. Ẹni tó bá ní kí ẹ pàdé òun níbi ìgbọ́kọ̀sí, ẹ má lọ.

Bí ọ̀ràn bá yíwọ́

Òfin Consumer Rights Act 2015, tó ń dáàbò bo oníbàárà, kò de ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò. Ohun tí ẹ lè di irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú lé lórí ni pé ọjà kò bá àpèjúwe rẹ̀ mu. Ẹ tọ́jú ìpolówó náà àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ kọ síra yín, kí ẹ sì gba rìsíìtì tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dá tó mọ ìwà rẹ̀ ṣáájú, tàbí tó fẹ́ gbé e lọ síbi ìdíje, kó ra oníwèé. Fún ìdílé tó kàn fẹ́ ológbò nílé, àdàpọ̀ tó pé ọ̀sẹ̀ 12, tí ẹ ti fojú rí ìyá rẹ̀, ni èmi yóò mú.