Ìnṣọ́ránsì tí mo rà lọ sí Zanzibar, àti òòrẹ̀ inú òkun tó dán an wò

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ẹ̀gbọ́n mi fi tẹ̀ ẹ́. Òkun ti fà sẹ́yìn ní Paje, abúlé etí òkun kan ní Zanzibar, láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó ṣe máa ń fà títí tí ẹ ó fi rò pé kò ní padà wá mọ́. Àwọn obìnrin tó ń gbin koríko òkun ti wà nídìí iṣẹ́ wọn lọ́hùn-ún, àwa náà bá ní ká rìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Èmi wọ bàtà rọ́bà. Ẹ̀gbọ́n mi ní iyanrìn funfun báyìí, bàtà kí ni? A ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi ké "Yéè!", tí wọ́n di apá mi mú. Ẹran òkun kan ni, dúdú, roboto, ẹ̀gún bò ó látòkè délẹ̀ bí òòrẹ̀. Mo ka ẹ̀gún mọ́kànlá ní gìgísẹ̀ wọn, gbogbo rẹ̀ ti kán sínú ẹran.

"Ó yá, pe àwọn oníǹṣọ́ránsì ẹ," ni wọ́n ń wí. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dà wọ́n láàmú lórí ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì yìí. Lójú tiwọn, a ti ra ọ̀kan ná. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ìjọba Zanzibar ti sọ ọ́ di dandan kí àlejò ra ìnṣọ́ránsì Zanzibar Insurance Corporation: dọ́là 44 fún àgbàlagbà, ó sì wà fún ọjọ́ 92. Ẹ lè ní òmíràn lọ́wọ́ o, ẹ ó ṣì ra ìyẹn. "A ti ra ti dandan, kí la tún ń wá?" Mo ní ti dandan wà fún ìgbà tí a bá ti débẹ̀. Bí ara wọn ò bá yá nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta ká gbéra ńkọ́, tí a ti sanwó hótẹ́ẹ̀lì àti ti bàálù? Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ níbi tí a ti máa pààrọ̀ bàálù ńkọ́?

Ìnṣọ́ránsì mẹ́ta ni mo gbé síwájú. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan, torí irú ìwé àdéhùn tí wọ́n ń tà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Àkọ́kọ́ pọ́ọ́kú, iye owó ìtọ́jú tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ó ń dán lójú. Àmọ́ nígbà tí mo kà á dé ojú ewé 31, mo rí i pé lúwẹ̀ẹ́ lásán nìkan ni wọ́n gbà. Ká wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Mnemba, erékùṣù kékeré kan nítòsí, ká fi gíláàsì sójú ká máa wo ẹja, àfikún owó ni. Erékùṣù tí wọn ò ní jẹ́ ká gbádùn omi rẹ̀, kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?

Ìkejì wọ́n, àwọn tó ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn wọ ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ṣe é fún. Ó gbà wọ́n dé mítà 30, ó sì ń sanwó ìtọ́jú nínú yàrá onírin tí wọ́n máa ń ti ẹni tí atẹ́gùn bá hó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má wo owó rẹ̀, ẹ rà á, kí ẹ sì rántí pé bí ẹ bá ti wọ ìsàlẹ̀ léraléra, ó kéré tán wákàtí 18 gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó wọ bàálù. Àwa ò dé ìsàlẹ̀ ibì kankan. Ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ́ kí omi kọjá àyà.

Ìkẹta wà láàárín. Ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀, wíwo ẹja wà níbẹ̀. Ó tún kọ ọ́ pé nínú gbogbo owó tí a bá béèrè, àwa la ó kọ́kọ́ san dọ́là 100 fúnra wa, èyí tí wọ́n ń pè ní excess. Mo rí i. Mo ní dọ́là 100 kí ni, mo ṣí ewé kejì.

Ohun tí mo tẹjú mọ́ jù ni gbólóhùn nípa gbígbé aláìsàn kúrò ní erékùṣù. Ọ̀pọ̀ èèyàn, ti àpótí ẹrù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò, torí ẹrù ni wọ́n mọ̀ pé ó máa ń sọnù. Ṣùgbọ́n bí àìsàn ńlá bá dé sí ẹnì kan ní Zanzibar, Dar es Salaam tàbí Nairobi ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ. Láti Nairobi ni AMREF Flying Doctors ti ń fi bàálù ṣe irú iṣẹ́ yìí káàkiri Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láti ọdún 1957. Bàálù tó gbé dókítà, nọ́ọ̀sì àti àgbá afẹ́fẹ́ máa ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Nínú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n kọ ọ́ pé ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ jù ni wọ́n máa gbé wa lọ. Nínú ìkẹta, ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù tó lè tọ́jú àìsàn náà. Ẹ tún un kà. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló fi gùn ju tàkọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ ni bàálù wà.

Ìjà fẹ́ẹ́ ṣẹlẹ̀ nígbà tí a dé orí ìbéèrè nípa ìlera. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní kí n kọ "rárá".

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́."

"Ìwọ ló fẹ́ kí wọ́n fowó kún un. Ẹ̀jẹ̀ mi ò ga mọ́, mo ń lo oògùn mi déédéé."

"Oògùn tí ẹ ń lò yẹn gan-an ni wọ́n ń béèrè."

"Ta ló máa sọ fún wọn?"

Mo ní dókítà tó bá yẹ̀ wọ́n wò ló máa sọ. Kò sí dókítà tí kì í béèrè oògùn tí èèyàn ń lò, á kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò máa ní kí a mú wá. Bí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, wọ́n lè fagi lé gbogbo àdéhùn. A kọ ọ́. Owó lé díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, àfìgbà tí mo sọ fún wọn pé nínú méjì lára àwọn mẹ́ta yìí, ẹni ọdún 65 ni owó rẹ̀ máa ń fò sókè, tiwọn sì jẹ́ 64. "O ò rí i pé mo ṣì kéré," ni wọ́n wí, ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín.

Mo wá ṣe ohun kan tí mi ò tíì rí ẹni tó ṣe é rí. Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Sátidé, mo pe nọ́ńbà pàjáwìrì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti àkọ́kọ́ dún títí ó fi já. Ti ìkejì, ẹ̀rọ ló ń sọ pé kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dá mi padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ti ìkẹta, obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó ń tòògbé, ó ní, "Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Níbo lẹ wà?" Ojú tì mí, mo purọ́ pé mo ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Òun ni mo rà.

Ti alùpùpù ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbogbo àlejò ló ń yá a ní Zanzibar, ó ń wu èmi náà. Ìwé àdéhùn ní àfi kí n ní láísẹ́ǹsì alùpùpù láti ilé, ti mọ́tò kò tó, kí akoto sì wà lórí mi. Ti mọ́tò nìkan ni mo ní. Dàlàdálà, ọkọ̀ akérò ibẹ̀, la wọ̀ káàkiri, wọ́n fún wa pọ̀ mọ́ àpò ìrẹsì àti adìẹ, a dé ibi tí à ń lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí etí òkun. Ọmọkùnrin kan sáré wọ abúlé lọ mú ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n wá, ó fi ọ̀bẹ sín in lára, ó jẹ́ kí oje funfun rẹ̀ máa kán sójú ẹ̀gún náà. Ohun tí wọ́n ń lò sí i níbẹ̀ nìyẹn. Mo pe nọ́ńbà náà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tí nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan fi wà lórí ìlà. Ó béèrè bóyá wọ́n ń mí dáadáa, bóyá ètè wọn ń wú, ìgbà tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì gbẹ̀yìn. Ó wá ní, "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo rí nínú ìwé yín yìí, ṣé ẹ lò ó láàárọ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Èmi ń wo òkun.

Ó ní kí a ti ẹsẹ̀ náà bọ omi gbígbóná tí ara bá lè gbà, kí a má fi abẹ́rẹ́ wa ẹ̀gún kankan, ó sì fi orúkọ ilé ìwòsàn kékeré kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Wọ́n yọ mẹ́sàn-án níbẹ̀, wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n gba dọ́là 70. Títí dé ibí yìí, máàkì 10 nínú 10.

Mo wá kọ fọ́ọ̀mù láti gba owó náà padà. Ọjọ́ kẹfà, èsì dé: dọ́là 70 kò tó dọ́là 100 tí ẹ gbà láti kọ́kọ́ san. Òdo. Mi ò lè bínú sí wọn, èmi ni mo ṣí ewé kejì. Èyí tí kò ní excess rárá, dọ́là 18 péré ni wọn ì bá fi kún un fún àwa méjèèjì. Mo ti ṣe ìṣirò ọ̀hún mọ́ bàálù àti iṣẹ́ abẹ nìkan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó máa ń ṣe èèyàn ní erékùṣù ni etí tó ń dunni, inú rírun, ẹsẹ̀ tó tẹ nǹkan, ẹ̀yìn tí oòrùn bó. Owó wọn kì í sábà tó ọgọ́rùn-ún. Èyí tó tún ká mi lára jù ni pé ti dandan tó jẹ́ dọ́là 44 wà nísàlẹ̀ àpò mi ní gbogbo àkókò yẹn. Mo fi í hàn wọn ní pápákọ̀ òfurufú, mo ká a, mo gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì yéé fi ìyẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.

Wọ́n san ti àpótí ẹrù ṣá. Wákàtí 19 ni tiwa fi pẹ́ lẹ́yìn wa, wákàtí 12 ni àdéhùn wí. Kí a tó kúrò ní pápákọ̀ ni mo ti gba ìwé tí wọ́n ń pè ní Property Irregularity Report, láìsí i, kò sí ohun tí ẹ lè sọ. Wọ́n tún béèrè rìsíìtì gbogbo aṣọ tí a rà àti ìwé tí wọ́n fi wọ bàálù. Mo ti fi tèmi ṣe àmì inú ìwé tí mò ń kà, ibẹ̀ ló ti yọ. Owó náà wọlé ní ọjọ́ kẹtàlélógún.

Máàkì 7 nínú 10 ni mo fún wọn, nítorí ẹni tó gbé fóònù lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ̀rọ̀ Mauritius fún oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀. Àkókò ìjì líle ni lọ́hùn-ún, bí ìjì bá sì ti gba orúkọ kí ẹ tó ra ìnṣọ́ránsì, wọn kì í sábà san nǹkan kan lórí rẹ̀ mọ́, nítorí náà mo ti rà á báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé mo yọ dọ́là 100 yẹn kúrò. Mo ní mo ti yọ ọ́. Wọ́n ní àwọn náà ti ra bàtà rọ́bà.