Ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú kámẹ́rà nínú igbó ẹranko ní Hoedspruit

Ẹni tó bá fẹ́ lọ ṣe fọlọ́ńtíà nínú igbó ẹranko, tó sì fẹ́ràn fọ́tò bíi tèmi, ẹ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó sanwó. Oṣù keje ni mo lọ, Hoedspruit ní Limpopo, South Africa. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni níbẹ̀ lásìkò yẹn, koríko ti gbẹ, àwọn ẹranko á máa rọ́ lọ sídìí omi, ó dáa fún fọ́tò gan-an. Àmọ́ ẹ mú ìbọ̀wọ́ dání o, òtútù ìdájí lórí ọkọ̀ tí ò ní òrùlé, ìka mi ò lè tẹ kámẹ́rà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé fọ́tò wa ń ṣiṣẹ́. Àmì ara ajá igbó kan ò jọ ti ìkejì, ẹ̀gbẹ́ òsì ẹ̀ gan-an ò jọ ti ọ̀tún, fọ́tò yẹn ni wọ́n fi ń mọ èwo ni èwo, èwo ló ṣì wà láàyè. Lọ́jọ́ kẹrin a pàdé wọn, mo ń yà á ṣáá, ojú wọn nìkan ni mo ń yà torí ó rẹwà. Nígbà tá a ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀gá wa ní, ẹ̀gbẹ́ dà? Nínú fọ́tò tó lé ní igba, mẹ́ta péré ló wúlò! Àtìgbà yẹn, mo máa ń ya òsì, mo máa ń ya ọ̀tún, kí n tó ya èyí tó wù mí. Lẹ́ǹsì 100-400mm, èyí tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́, ti tó o.

Lọ́sàn-án a máa ń rìn wá tàkúté wáyà pẹ̀lú ẹni tó gbébọn. Ọ̀kan tí mo tú lára igi, èèpo igi ti hù bò ó.

Èyí tó dùn mí: àwọn tó bá mi ṣètò ìrìn àjò náà sọ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n á máa kọ́ wa ní fọ́tò yíyà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n kọ́ wa lọ́jọ́ 14, owó ẹ̀ sì wà lórí rìsíìtì mi. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Tẹ́ ẹ bá rí àgbáǹréré, ẹ má gbé ibi tẹ́ ẹ ti rí i sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń pa á torí ìwo ẹ̀ ń wò ó. Ibi tí wọ́n bá sì ti ní kẹ́ ẹ wá gbé ọmọ kìnnìún mọ́ra ya fọ́tò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lọ.

Màá padà lọ, mo ti ń tọ́jú owó. Láàárọ̀ tí mo máa kúrò, erin kan dúró sójú ọ̀nà, dẹ́rẹ́bà paná ọkọ̀, gbogbo wa dákẹ́. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí lóòótọ́. Etí ọ̀tún ẹ̀ ti ya bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn fà ya, mò ń gbọ́ bí inú ẹ̀ ṣe ń kùn. Mo ya etí ọ̀tún, mo dúró dè é títí tó fi yíjú, mo ya òsì.