Ilé Ọmọláńgidi Tí A Ń Kàn Fúnra Ẹni: Ohun Tí Mo Rí Nígbà Tí Mo Fẹ́ Fi Yàrá Kan Kún Un

Ilé ọmọláńgidi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń tà ní pákó pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ nínú páálí, tí ẹni tó rà á yóò sì kàn án pọ̀ fúnra rẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ kí ọwọ́ lè máa wọ inú àwọn yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí kò ní ni ilé ìdáná. N kò lè gbà pé ènìyàn ń gbé inú ilé tí kò ní ibi tí wọ́n ti ń dáná, nítorí náà mo pinnu láti fi yàrá kan kún un ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí n sì parí gbogbo ètò rẹ̀ kí gọ́ọ̀mù tó kan pákó kankan.

Ìwọ̀n 1:12 ni wọ́n fi ṣe ilé náà, ìyẹn ni pé íǹṣì 1 lára rẹ̀ dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 1 lára ilé gidi. Ìwọ̀n yìí náà ni wọ́n fi kọ́ ilé ọmọláńgidi ti Ayaba Mary ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1921 sí 1924, èyí tí Edwin Lutyens ya àwòrán rẹ̀. Ó ṣì wọ́pọ̀ gan-an títí di òní, tó fi jẹ́ pé ilẹ̀kùn, fèrèsé àti àga tí a bá rà níbòmíràn yóò bá ilé yìí mu. Fún ẹni tó fẹ́ fi yàrá kún ilé, èyí ṣe pàtàkì ju ẹwà ilé náà lọ.

Puláíwúùdù tó nípọn ní mìlímítà 3 ni pákó rẹ̀, wọ́n gé e dáadáa, ahọ́n pákó kọ̀ọ̀kan sì ń wọ ojú ihò rẹ̀ láìsí pé a ń fi òòlù lù ú. Ìwé ìtọ́nisọ́nà ni àléébù rẹ̀. Ó fi ibi tí pákó kọ̀ọ̀kan ń lọ hàn, ṣùgbọ́n kò sọ ìwọ̀n ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó fẹ́ fi yàrá kún ilé kò lè ya ilà kan láìní ìwọ̀n. Mo fi rúlà wọn gbogbo rẹ̀ fúnra mi. Síbẹ̀, páálí àkọ́kọ́ tí mo gé láti fi dán an wò kò bára mu, nítorí pé ara ìta ògiri ni mo wọ̀n, n kò sì yọ ìnípọn rẹ̀ kúrò. Mìlímítà 3 lọ́tùn-ún àti 3 lósì di 6, èyí tó ju sẹ̀ǹtímítà 7 lọ nínú ilé gidi. Pákó tí mo rà kún un náà kò ràn mí lọ́wọ́: 3 ni wọ́n kọ sí i lára, 3.6 ni mo rí nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, ahọ́n rẹ̀ kò sì wọ ihò kankan.

Ohun tí yóò wà nínú yàrá ni mo fi pinnu fífẹ̀ rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 60 di 5 níbí, àyè ìrìn tó jẹ́ 90 di 7.5; nígbà tí mo fi tábìlì 6.5 àti àyè àga 5 kún un, ó di 24.

Òrùlé ló gba ìrònú jù lọ. Ògiri ọ̀tún ilé náà ní fèrèsé kan lókè, ìsàlẹ̀ fèrèsé náà sì fi sẹ̀ǹtímítà 31 ga ju tábìlì lọ. Ìpìlẹ̀ gba 2, ògiri àfikún gba 20, nítorí náà 9 péré ló kù fún òrùlé. Òrùlé ilé fúnra rẹ̀ dà ní dígíìrì 45. Bí mo bá fi abala kan tó dà bẹ́ẹ̀ ti ògiri, yóò ga tó 24, yóò sì bo fèrèsé náà pátápátá. Bí mo bá ṣe é ní abala méjì lórí jíjìn àfikún náà, tó jẹ́ 26, gíga rẹ̀ yóò jẹ́ 13, yóò sì ṣì bo apá kan fèrèsé náà. Mo rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan bóyá kí n kúkú dí fèrèsé náà, àmọ́ yàrá ibùsùn ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí, n kò sì fẹ́ kó ṣókùnkùn. Mo wá yan òrùlé abala kan tó ga ní 8 lórí fífẹ̀ 24, bíi dígíìrì 18, mo sì fi 1 tó kù sílẹ̀ fún ìnípọn pákó àti ìbòrí rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé kò ní bá òrùlé ńlá mu. Nígbà tí mo fi páálí gbé e dúró, tí mo sì tẹ̀ ba títí ojú mi fi dọ́gba pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà, ó jọ ilé tí ìdílé kan fi yàrá kún nígbà tí wọ́n ń pọ̀ sí i, inú mi sì dùn gan-an.

Ní ìwọ̀n 1:12, ihò ilẹ̀kùn máa ń fẹ̀ tó íǹṣì 3, ó sì máa ń ga tó 7. Ẹ gé e sára ògiri ọ̀tún ilé, níbi tí a ó gbà wọ ilé ìdáná, nígbà tí ògiri náà ṣì dùbúlẹ̀ lórí tábìlì, torí pé pákó tó fẹ́lẹ́ báyìí lè ya bí a bá ki ayùn bọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí ilé bá ti dúró. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ahọ́n ilẹ̀ òkè máa ń yọ sí ara ìta ògiri yìí, níbi tí yóò ti di inú ilé ìdáná. Ẹ fi sáńpépà rẹ́ ẹ kó dọ́gba. Pákó kan ṣoṣo ni kó sì wà lábẹ́ ilé àti àfikún rẹ̀, kí ìsopọ̀ wọn má baà já nígbà tí a bá gbé e. Tojú-tẹ̀yìn ni mo kun ògiri àfikún ní ọ̀dà, nítorí èyí tí mo kọ́kọ́ kun lójú kan ti tẹ̀ bí abọ́ kí ọjọ́ méjì tó pé.

Èmi yóò tún ra ilé yìí bí mo bá fẹ́ ṣe òmíràn. Títí di báyìí téèpù ni mo fi mú òrùlé ilé ìdáná náà dúró, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ títí n ó fi rí i bí kọ́bọ́ọ̀dù àti tábìlì ṣe rí nínú rẹ̀. Gbogbo páálí tí mo fi dán an wò ni mo kọ orúkọ sí lára, torí orí wọn gan-an ni n ó ti ya ilà sí puláíwúùdù.