Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Pánṣẹ́kẹ́ tó fi míítà wá ohun tó ń pa désíkítọ́ọ̀pù mi

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tí désíkítọ́ọ̀pù yín ń ṣàdédé kú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó gbà kẹ́nikẹ́ni tún kó Windows tuntun sí i, ẹ gbé e dé ṣọ́ọ̀bù kan ní Pánṣẹ́kẹ́. Òkè pẹtẹ́ẹ̀sì ló wà, lápá ibi táwọn tó ń tún fóònù ṣe pọ̀ sí, pátákó iwájú ẹ̀ ò sọ ju "A ń tún kọ̀ǹpútà ṣe" lọ, àmọ́ tẹ́ ẹ bá béèrè ọ̀gá tó máa ń fi míítà, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná, wo kọ̀ǹpútà, wọ́n á júwe ẹ̀ fún yín. Nínú gbogbo ibi tí mo gbé kọ̀ǹpútà mi dé nílùú yìí, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti wádìí kí wọ́n tó sọ pé nǹkan báyìí la máa pààrọ̀.

Fídíò òde ni mò ń ṣe, ìgbéyàwó, ìkómọ, òkú àgbà, ilé ni mo sì ti ń gé e, lápá Àdìgbẹ̀. Kọ̀ǹpútà yìí á ṣe dáadáa látàárọ̀, àmọ́ tí mo bá ti gé e tán tí mo ní kó máa gbé fídíò jáde báyìí, á kàn kú pii ni. Kò ní kọ nǹkan kan sójú, fáànù á dúró, láìpẹ́ á tún fúnra ẹ̀ tàn. Ìrọ̀lẹ́ ló burú jù, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ti tan fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù tí iná wá rẹlẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ wò ó ní Windows ló bàjẹ́, ó pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, ó kó tuntun sí i, ó ṣì ń kú bákan náà. Ẹnìkejì ní RAM ni, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, mo ra RAM, ó ń kú. Inú bí mi gan-an, torí ìyá tó ń retí fídíò ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀ ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ RAM, iṣẹ́ ẹ̀ ló fẹ́ gbà.

Ọ̀gá Pánṣẹ́kẹ́ yìí ò tíì tú nọ́ọ̀tì kankan tó ti ń bi mí ní ìbéèrè. "Ẹ̀gbọ́n, tó bá fẹ́ kú, ṣé ojú ẹ̀ máa ń di búlúù tá á kọ nǹkan, àbí ńṣe ló ń kú bí ìgbà tí wọ́n fa wáyà ẹ̀ yọ?" Mo ní bí ìgbà tí wọ́n fa wáyà yọ ni. Ó ní ìyẹn ti dín wàhálà kù, torí tójú kọ̀ǹpútà bá di búlúù, RAM, dísìkì tàbí dráífà (ètò tí Windows fi ń darí àwọn ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà) lèèyàn kọ́kọ́ máa fura sí, àmọ́ tó bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ká kọ́kọ́ wo iná àti ooru. Ó ṣí Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí, àkọsílẹ̀ tó ń jẹ́ Kernel-Power 41 ló tò lọ rẹrẹ níbẹ̀. Ó ní 41 yẹn ò sọ ohun tó pa á o, kò sọ ju pé kọ̀ǹpútà kú láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ṣe yẹ, ó wá fi hàn mí pé BugcheckCode tó wà níbẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí Windows fi ń sọ irú àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀, òdo ni, ìyẹn ni pé Windows ò tiẹ̀ ráyè kọ ohun tó ṣe é sílẹ̀ kí iná tó já. Mo ti ń lo kọ̀ǹpútà tipẹ́, kò sẹ́ni tó fi ibẹ̀ hàn mí rí.

Ó ní kí n fi í sílẹ̀ mọ́jú. Ó fi MemTest86, ètò tí wọ́n fi ń dán RAM wò, wo RAM tí wọ́n ní ó bàjẹ́ àti èyí tí mo rà, kò sí àṣìṣe kankan nínú méjèèjì. Ooru sípíyù, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, náà ò ga. Ó wá ku power pack, àpótí inú kọ̀ǹpútà tó ń gba iná ògiri tó ń pín in fún ẹ̀yà tó kù.

Ibi tí mo ti gbà pé wọ́n mọṣẹ́ rèé. Àwọn kan, tí wọ́n bá fẹ́ wo power pack, wọ́n á so wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ dúdú, tí fáànù bá ti yí, wọ́n á ní ó dáa. Ọ̀gá yìí ní èyí tó ti rẹ̀ náà á yí fáànù, ìgbà tíṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn la máa mọ̀. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó ti ẹnu míítà pupa bọ ẹ̀yìn wáyà yẹ́lò, ó fi dúdú sí dúdú, ó ní kí n máa wo nọ́ńbà. 12.1. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ máa gbé fídíò mi jáde. 11.8, 11.5, 11.2, pii, ó kú. Ojú mi ló ṣe. Fóltì 12 ló yẹ kí wáyà yẹ́lò yẹn máa gbé, ààyè tó ní ò ju 11.4 sí 12.6 lọ. Ó wá yọ power pack síta, ó yí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sí mi. 500W ni wọ́n kọ gàdàgbà síbẹ̀, àmọ́ nísàlẹ̀, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, 12V 15A. Ó ní kí n ṣírò ẹ̀: fóltì 12 lọ́nà ámúpù 15, wọ́ọ̀tì 180 péré ni wáyà yẹ́lò yẹn lè gbé. GTX 1060 mi, káàdì tó ń ṣiṣẹ́ àwòrán àti fídíò, òun nìkan lè jẹ 120, sípíyù 65, ó ti di 185, a ò tíì ka dísìkì àti fáànù. Ẹni tó to kọ̀ǹpútà yẹn fún mi gbowó 500W lọ́wọ́ mi, ó sì fi ìyẹn sínú ẹ̀. Ó dùn mí dé eegun.

Ó tú power pack náà, àmọ́ ẹ má dán ìyẹn wò nílé o. Kapásítọ̀ ńlá inú ẹ̀ lè gbé fóltì tó lé ní 300 pamọ́ kódà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ wáyà lára ògiri, ó lè pààyàn. Orí kapásítọ̀ méjì ti wú, nǹkan pípọ́n kan ti gbẹ mọ́ ìdí wọn. Ó ní ká má tíì gbàgbé ti ìrọ̀lẹ́, kí n wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé mi lálẹ́. 168 ni mo bá níbẹ̀ dípò 230. Tí iná bá rẹlẹ̀ báyẹn, power pack á máa fa ámúpù púpọ̀ sí i kó tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà, èyí tí kapásítọ̀ ẹ̀ ti wú ò lè rù ú. Bákan náà ni tí sitébíláísà bá ń dún ták-ták tàbí tí ínfátà bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iná, iná á já díẹ̀, kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan, power pack tó dáa ló yẹ kó gbé kọ̀ǹpútà ró dìgbà yẹn.

Tòkunbọ̀ 550W ló tà fún mi, 12V 45A ló wà lára ẹ̀, iná 100 sí 240 ló sì ń gbà, torí náà 168 ilé mi ò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹ̀. ₦48,000 ni, owó àyẹ̀wò ₦5,000. Ẹ lè rí i ní ẹ̀dínwó díẹ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà, àmọ́ ọ̀gá yìí fi fídíò mi kan náà dán an wò níṣojú mi kí n tó sanwó, míítà ò sọ̀kalẹ̀ ju 12.0 lọ. Kọ̀ǹpútà náà ò tíì kú láti ìgbà yẹn, àtàárọ̀ àtalẹ́.

Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀: wọn kì í gbé fóònù, kò síbi ìjókòó, tí iná bá lọ, iṣẹ́ dúró, torí ínfátà wọn ò lè gbé désíkítọ́ọ̀pù tó ń ṣiṣẹ́ agbára. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí owó o, wọn ò ní fún yín tẹ́ ò bá béèrè, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ gárántì oṣù mẹ́ta síbẹ̀. Àwọn tó ń kánjú lè bínú sí wọn torí wọ́n máa gba kọ̀ǹpútà yín mọ́jú, mo fara mọ́ ìyẹn ju kí wọ́n máa méfò lọ. Kò síbi téèyàn ń páàkì mọ́tò, kẹ̀kẹ́ ló dáa jù. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹ gbé wáyà iná tẹ́ ẹ ń lò nílé dání, ó máa ń wọn ìyẹn náà.