Títa aṣọ òkè lórí X láti Ìbàdàn: ohun tí ojú mi rí

Aṣọ òkè ni mo ń tà ní Ìbàdàn. Ìṣẹ́yìn ni àwọn ahunṣọ mi wà, ọjà Òjé ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà, orí X tí gbogbo wa mọ̀ sí Twitter tẹ́lẹ̀ sì ni mo ti ń rí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ra ẹtù, irú aṣọ òkè kan, lọ́wọ́ mi báyìí. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tí mo fẹ́ dé bẹ̀rẹ̀: X a máa bá èèyàn wá oníbàárà, ṣùgbọ́n kì í bá èèyàn parí ọjà. Ẹni tó bá ń retí pé kó ṣe méjèèjì, yóò rẹ̀ ẹ́ lásán.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé àwọn tí n kò mọ̀ rí ń gbé ọjà mi kiri fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ti rí i tí àwa oníṣòwò máa ń kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé, "Ẹ bá mi tún un pín o, oníbàárà mi lè wà lójú ewé yín." Ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan ní Mókọ́lá á tún un pín, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Àbújá á rí i, ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ náà tó ń múra ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ á sì kọ̀wé sí mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní Òjé, ẹni tó bá gba iwájú ìsọ̀ mi kọjá nìkan ló lè rí ohun tí mo pàtẹ. Nígbà mìíràn, ẹnì kan á kàn béèrè ní òru pé, "Ta ló ń ta aṣọ òkè ní Ìbàdàn?" Kí n tó jí, àwọn tó ti rà lọ́wọ́ mi á ti dárúkọ mi sábẹ́ ìbéèrè náà. N kò mọ ibòmíràn tí irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀ kíákíá bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2006, orí àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù ni wọ́n gbé e kà. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan kì í ju lẹ́tà 160 lọ. Wọ́n yọ 20 sílẹ̀ fún orúkọ ẹni tó kọ ọ́, 140 ló wá kù fún ọ̀rọ̀. Oṣù kọkànlá 2017 ni wọ́n sọ ọ́ di 280. Àwa tí a ti ń lo fóònù láti ìgbà tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001 mọ̀ ọ́n dáadáa: owó là ń san lórí àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìkíni la sì kọ́kọ́ ń gé kúrò.

Ṣùgbọ́n 280 yẹn kò rí bákan náà fún gbogbo èdè. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àmì kọ Yorùbá, ẹ kọ ọ̀rọ̀ lórí X títí ààyè yóò fi fẹ́ tán, tí nọ́ńbà yóò fi yọ nísàlẹ̀. Ẹ tẹ "o" lásán, ẹyọ kan ló lọ. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tẹ "ọ": méjì ló lọ. Ẹ gbé àmì ohùn lé e lórí, ó di mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ẹ" àti "ṣ", méjì méjì ni wọ́n ń kà wọ́n. Lẹ́tà mẹ́ta péré ló wà nínú "ọ̀rọ̀", méje ló ń jẹ lọ. Àmì náírà, ₦, méjì ni. Ti dọ́là, ẹyọ kan. Bí wọ́n ṣe to òfin tí wọ́n fi ń ka lẹ́tà ni pé àwọn ẹgbẹ́ lẹ́tà kan wà tó jẹ́ ẹyọ kan, àwọn lẹ́tà wa tó ní àmì nísàlẹ̀ kò sì bọ́ sínú wọn. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé oníṣòwò á bọ́ gbogbo àmì dànù, tàbí kó kúkú fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Ó ń dùn mí, nítorí ẹni tó ń wá aṣọ òkè sányán tí yóò fi sin bàbá rẹ̀, Yorùbá tó gún régé ló yẹ kó bá lẹ́nu ẹni tó ń tà á.

Èmi kì í bọ́ àmì. Àlàyé gígùn ni mo ń kọ sára àwòrán, torí pé àwòrán mẹ́rin ni X ń gbà lẹ́ẹ̀kan, mo wá ń fi ọ̀rọ̀ tí èèyàn yóò fi wá mi rí sílẹ̀ lóde. Ẹ wo irú rẹ̀: "Ẹtù tuntun láti Ìṣẹ́yìn. Gèlè àti ìborùn, ₦45,000. Ìbàdàn: ẹ gbà á lónìí. Ìlú mìíràn: owó ọkọ̀ lọ́tọ̀." Lẹ́yìn náà ni líǹkì WhatsApp mi. Bó ti wù kí líǹkì gùn tó, 23 ni X ń kà á, ìyẹn sì dára.

Ẹ kíyè sí i pé iye ọjà wà níbẹ̀. Lórí èyí, n kò ní gba ti ẹnikẹ́ni. Ní ìsọ̀ mi, n kì í kọ iye sára aṣọ. Oníbàárà á dé: "Ẹ kú ọjà o." "Oo, ẹ káàbọ̀, ẹ máa wò ó." A ó béèrè ilé, a ó béèrè ọmọ, aṣọ á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó dé orí owó. "Èló lẹ fẹ́ gbà gan-an?" "Ẹ̀yin náà, ẹ sọ tẹnu yín." Ojú ló ń bá ojú sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Lórí X kò sí ojú. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé kí wọ́n wá béèrè iye nínú DM, ìyẹn àpótí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ orí X, ohun tí oníbàárà á rò ni pé ẹ fẹ́ kọ́kọ́ wo ojú ewé òun, kí ẹ mọ bí òun ṣe lówó tó, kí ẹ tó dá iye lé òun lórí. Á kọjá lọ, ẹ kò sì ní mọ̀ pé ó wá. Ẹ sì ka òdo yín dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ síta, torí ẹni tí kò sanwó fún X kò lè ṣàtúnṣe ohun tó ti kọ, àfi kó pa á rẹ́.

Síbẹ̀, àwọn kan á ṣì béèrè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sábà máa ń jẹ́: "Elo?" Kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí ẹ jọ̀ọ́. Inú máa ń bí àwọn àgbà ọjà tí mo bá fi hàn. Èmi kì í bínú, nítorí ibi tí ààyè ti há ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo máa ń dáhùn pé, "Ẹ kú àsìkò yìí o. ₦45,000 ni. Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè." Lọ́pọ̀ ìgbà ni ẹni náà á yí ohùn padà: "Ẹ má bínú mà, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ lè bá mi ṣe é ní àwọ̀ wáìnì?" Òdòdó tàbí agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ṣe àwòrán ara wọn, n kò lè mọ̀ bóyá ọmọ ogún ọdún ni tàbí ẹni tó tó ìyá mi. "Ẹ" ni mo ń lò fún gbogbo wọn.

Láti ibẹ̀, WhatsApp ló kàn. Wàhálà aṣọ òkè ni àwọ̀. Ohun tó jẹ́ àwọ̀ àlùbọ́sà lọ́wọ́ mi lè di píǹkì lójú fóònù ẹlòmíràn. Mo máa ń yà á lójú oòrùn, mo tún máa ń yà á lábẹ́ iná, mo sì ń fi ohùn ṣàlàyé bó ṣe rí gan-an. Ìyá ìyàwó kì í san owó aṣọ ẹbí fún ẹni tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ìdí mìíràn tún wà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Twitter dúró ní Nàìjíríà ní oṣù kẹfà 2021, oṣù kìíní 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Ẹni tó ní nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀ ń bá ọjà lọ. Ẹni tó jẹ́ DM nìkan ló fi mọ̀ wọ́n, VPN, ohun tí èèyàn fi ń gba ẹ̀yìn wọ ibi tí wọ́n tì, ló ń wá kiri.

Ibi tó le jù ni bí ìjà ṣe ń di ti gbogbo ayé. Ẹrù kan pẹ́ lọ́nà lọ́wọ́ àwọn agbẹ́rù kan, ìgbéyàwó sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Oníbàárà kò pè mí. Ó gbé e sórí X: rìsíìtì, orúkọ ojú ewé mi, àti ìlà méjì. Kí n tó rí i, àwọn tí kò ra gèlè rí ti ń pè mí ní olè. Tó bá jẹ́ inú ọjà ni, ìyálọ́jà á ní ká jókòó, á gbọ́ tẹnu rẹ̀, á gbọ́ tẹnu mi. Mo dáhùn lẹ́ẹ̀kan ní gbangba: "Ẹ má bínú. Ẹrù ti kúrò ní Ìbàdàn, nọ́ńbà awakọ̀ ti wà nínú DM yín." Mo wá pè é lórí fóònù, a sọ̀rọ̀ dáadáa. Aṣọ dé kí wọ́n tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, òun fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ pé ó ti dé. Àwọn tó ka èyí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ka ti àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ pé kó má ṣe jiyàn níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ tàbí èlùbọ́ fún àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní Bódìjà kò nílò X. Status orí WhatsApp tó ń lo wákàtí 24 tó fún un. Aṣọ òkè, àdìrẹ, ìlù, ohun tí ará ọ̀nà jíjìn ń wá, ìyẹn ni X dára fún. Elon Musk rà á ní oṣù kẹwàá 2022, ó sọ ọ́ di X ní oṣù keje 2023, ẹni tó bá sì ń sanwó báyìí lè kọ ọ̀rọ̀ gígùn, á tún ní àmì búlúù. N kò san án. Ọ̀rọ̀ gígùn kì í ta gèlè. Owó tí n bá fi san án, ahunṣọ mi ni mo ń kó o fún, kó máa hun ègé kéékèèké tí mo ń fi sínú ọkọ̀ ní Ìwó Road sí ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan aṣọ kó tó sanwó.